Wọ́n Ti Rán Ẹ̀yìn Tẹ́dì Dí

Rárá o, Àǹtí, ẹ má sọ pé kí n kọ́kọ́ jókòó ná, àìjókòó kọ́ ló ń ṣe mí, láti àná ni mo ti ń jókòó, mo jókòó títí àga fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ mí pé kí n dìde. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jókòó. Kì í ṣe lórí ìyẹn o! Orí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni. Tẹ́dì ló wà lórí ìyẹn. Ẹ má gbé e kúrò, ẹ jọ̀ọ́, gbígbé tí wọ́n gbé e lánàá náà ló fà á tí ẹsẹ̀ yín fi dé ibí láàárọ̀ yìí.

Mo mọ̀ pé àbúrò yín àbíkẹ́yìn ló rán yín wá. Kò sẹ́ni tó ń wá kí mi láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ àfi tí ẹnì kan bá ti sunkún sí i létí. Ó sunkún, àbí kò sunkún? Mo mọ̀. Àbíkẹ́yìn yín ò lè ṣẹ èèyàn kó má kọ́kọ́ bá a sunkún ṣáájú. Kí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ tó lanu, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti ń yí nílẹ̀. Àna mi lẹ jẹ́, àna mi lòun náà jẹ́, èèyàn kì í bá àna jà, mo mọ ìyẹn. Mi ò jà. Àròyé ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é tán, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá wá sọ.

Ó dáa, ẹ gbé e. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ẹ má di etí rẹ̀ mú. Ẹ yí i padà. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kí lẹ rí? Ẹ ò rí nǹkan kan. Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn, Àǹtí, ẹ ò rí nǹkan kan! Àná tí mo jáde nílé yìí, ihò wà lẹ́yìn tẹ́dì yẹn, láti abẹ́ ọrùn dé ìbàdí, ihò tí ọwọ́ mi ń wọ̀ láìfarapa. Mo padà dé, ihò ò sí mọ́. Ẹni tó bá kó ẹrù èèyàn lọ, olè là ń pè é. Ẹni tó bá kó ihò èèyàn lọ ńkọ́? Kí lorúkọ tirẹ̀?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò ṣàwàdà.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nílé yìí. Àwọn èèyàn á ní ìyàwó mi ń ṣe tẹ́dì, wọn ò ní sọ tèmi, kò sì dùn mí, torí iṣẹ́ tèmi wà nínú, ta ló ń wo inú? Òun ló ń gé aṣọ onírun, òun ló ń rán an, òun ló ń fi ojú onígíláàsì sí i. Èmi ni mò ń ki òwú. Á fa tẹ́dì lé mi lọ́wọ́ ní òfìfo, ó máa rọ̀ jọwọrọ bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, èmi á mú igi mi, màá bẹ̀rẹ̀ láti imú, torí imú kì í gba ẹ̀tàn, tí imú bá ti rọ̀, gbogbo ojú ti bàjẹ́ nìyẹn. Láti ibẹ̀ mo bọ́ sí orí, mo bọ́ sí apá, mo bọ́ sí ẹsẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti fọ̀ tí a ti sá gbẹ ló ń lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn, kó lè wúwo lọ́wọ́ ẹni bí ọmọ tó ti sùn. Tí mo bá parí, òun á gbà á, á tẹ̀ ẹ́ níkùn, á mi orí rẹ̀, á ní, "Ọkọ mi, èjìká òsì yìí ò tíì jẹun yó." Màá gbà á padà. Á tún tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fa abẹ́rẹ́ yọ, á rán ẹ̀yìn rẹ̀ dí.

Òun nìkan. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, èmi ò rán ẹ̀yìn tẹ́dì kankan rí. Ẹ̀yìn ni òpin. Tí ẹ̀yìn bá ti dí, iṣẹ́ ti tán, á mú bébà tó fi gé e, á ya á wẹ́lẹwẹ̀lẹ, á dà á nù. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò fi tọ́jú bébà náà kó lè ṣe irú rẹ̀ mìíràn. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Èmi kì í bí ìbejì." Ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìbejì ṣe parí nílé wa nìyẹn.

Òótọ́ sì ni, kò sí méjì tó jọra. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó jọ. Ẹ rántí èyí tó jọ onílé wa, tó ní imú gọbọi bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ aládùúgbò? Onílé fúnra rẹ̀ wọlé, ó rí i, ó ní, "Èyí mà dáa o, ta ló jọ?" Ìyàwó mi ò ṣẹ́jú, ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló jọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀gbọ́n tó ní. Mo rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀.

Èyí tí ẹ gbé lọ́wọ́ yìí, wọ́n ní èmi ló jọ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Gbogbo yín ni. Kò jọ mí. Etí mi ò tó báyìí. Torí pé ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ní bí mo ṣe ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́, òwú ọrùn rẹ̀ ni kò tó.

Ọ̀rọ̀ ọrùn yẹn gan-an ló wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ n débẹ̀.

Àárọ̀ tí a fẹ́ lọ sí ọsibítù, ọkọ̀ ti wà níta, awakọ̀ ń tẹ fèrè bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ìyàwó mi, àbúrò yín, ti wọ bàtà, ó ti wọ ẹ̀wù òtútù, ó bá padà wọlé. Mo rò pé oògùn ló gbàgbé. Tẹ́dì ló lọ gbé. Ó mi orí rẹ̀, orí bá ṣe báyìí, ó tẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó ní, "Ọrùn rẹ̀ ò tíì le. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán an dí o. Tí mo bá dé, màá wò ó." Ó gbé e sórí àga yẹn. A lọ.

Èmi dé. Òun ò dé.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀, Àǹtí. Áńkáṣíìfù wà lórí tábìlì. Tí ẹ bá sunkún báyìí, ẹ ò ní gbọ́ ìyókù.

Ẹ wò ó, orí mi pé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀, mo mọ ohun tí ojú mi rí. Mi ò wí fún ẹnikẹ́ni pé ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ kù lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n rán an dí, ó ní tí òun bá dé. Kò ní, "Tí mi ò bá dé, ẹ rán an." Kò fi ìyẹn kún un. Ṣé èmi ni kí n wá fi kún un? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Iṣẹ́ tèmi sì wà níbẹ̀, kò tíì tán. Láràárọ̀ ni mò ń fa òwú ọrùn yẹn yọ, màá tún un ki. Mo ti ki òwú dúdú, mo ti ki òwú funfun, mo ti tú súwẹ́tà mi kan ká, mo ki í sí i. Á dúró ṣánṣán. Kí n yíjú, kí n lọ gbé tíì mi, kí n tó padà dé, ó ti tẹ̀. Bí ẹni tó ń fetí kọ́ ògiri. Ọrùn yẹn lágídí. Mo ń bá a fa á lọ, àwa méjèèjì, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ibẹ̀ náà ni mò ń fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ àbúrò yín ni. Ẹ rántí bí èrò ṣe ń wọlé tó ń jáde nígbà tí wọ́n wá bá wa dárò. Obìnrin kan ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn, ó gbé ike kan jáde, ó bi mí bóyá mi ò lo àwọn bọ́tìnnì inú rẹ̀ mọ́. Ojú ni, Àǹtí! Ojú tẹ́dì ni! Ó fẹ́ fi ojú rán ẹ̀wù. Ọjọ́ náà ni mo ti yàrá pa. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ni, onírin gígùn, ó gùn tó ìka mi àárín. Èmi nìkan ló ń wọlé, màá jókòó síbẹ̀ títí, màá jáde, màá tì í, màá ki kọ́kọ́rọ́ bọ ẹ̀yìn tẹ́dì. Kí ló dé tí mi ò fi fi í sínú àpò? Àpò mi jò. Kò sì sẹ́ni tó máa rán an.

Ó dáa. Ẹ wá gbọ́ ti Onígíláàsì.

Ẹ mọ̀ ọ́n, bàbá tó ní kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì yí pálọ̀ rẹ̀ ká, tí tẹ́dì ìyàwó mi jókòó sínú rẹ̀ lọ bẹẹrẹ bí àwọn tó ń dúró de dókítà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Òun náà kì í fọwọ́ kàn wọ́n, á kàn máa wò wọ́n, wọ́n á máa wò ó. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó wá síbi ìsìnkú, ó ṣí fìlà, ó dúró nínú oòrùn títí gbogbo rẹ̀ fi parí. Òun ló bẹ ìyàwó mi níṣẹ́ tẹ́dì yìí kí àìsàn tó dé. Lẹ́yìn tó ti fún mi láyè tó yẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá. "Ọ̀gá, iṣẹ́ yẹn ńkọ́?" Èmi á yí tẹ́dì padà, màá fi ihò hàn án. Màá ní, "Kò tíì parí, ọ̀gá. Ọjọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti dí, tiyín ni, ẹ wá gbé e." Á mi orí, á lọ.

Ìlérí tó dáa ni, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ mi ò yẹ̀, tẹ́dì mi ò lọ. Mo sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé ẹ̀yìn yẹn ò ní dí láéláé. Mo sọ ọ́ níṣojú àbíkẹ́yìn yín! Ó ń bu omi fún Onígíláàsì nígbà náà. Ó gbọ́. Ẹ bi í bóyá kò gbọ́.

Ó wá yá, àná dé. Ó wọlé láàárọ̀, ó wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, irun yín ti dà bí ti tẹ́dì tí wọn ò tíì gé." Ó ní kí n lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, òun á bá mi wo ilé. Wo ilé kẹ̀! Ṣé ilé ń sá lọ ni? Ṣùgbọ́n mo lọ. Èmi náà ò gbọ́n. Onígbàjámọ̀ ń gé irun, ó ń dá sí àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù, tí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́nu wọn, á gbé abẹ kúrò lórí mi, á lọ bá wọn yọ̀. Ìgbà tí mo fi dé, orí mi ń dán, mo wọlé, ó jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn, tẹ́dì dojú dé lórí itan rẹ̀, ó ń fi eyín já tírẹ́ẹ̀dì. Ó gbójú sókè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá, mo ti bá yín parí ẹ̀."

Mo ti bá yín parí ẹ̀!

Ta ló bẹ̀ ẹ́? Ta ló ní kó parí? Ṣé mo ní nǹkan ń pẹ́ ni?

Ẹ wá bi mí pé kí ni mo ṣe. Mo ní, "O ṣeun." Ọlọ́run gbọ́, ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mo bá a wá ọ̀rá kan tó kó àwọn tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo ní kó kí ọkọ rẹ̀. Ìgbà tó lọ tán ni mo wá rí i pé ohun tó wà nínú mi kọ́ ni mo sọ. Mo bá pè é lórí fóònù, mo sọ ìyókù. Ìyókù yẹn ló sunkún gbé wá bá yín.

Ká ní ó rán an burúkú ni! Áà, ká ní ó rán an wọ́rọwọ̀rọ bí ẹnu àpò ìrẹsì, inú mi ìbá dùn, ǹ bá rí nǹkan gbá mú. Mo gbé e lọ síbi fèrèsé kí n lè wá àléébù sí i. Ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ kan ò yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ó ti fi ẹnu abẹ́rẹ́ fa irun rẹ̀ síta, ó ti ya irun náà bo ojú ìránṣọ, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́. Àbúrò yín ló kọ́ ọ, ní tábìlì wa, nígbà tí kò tíì lọ́kọ, tí àwọn méjèèjì á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n á rò pé mi ò gbọ́. Mo fi àtàǹpàkò wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rí i. Mo wá ibi tó parí sí, mi ò rí i. Ọwọ́ ìyàwó mi ni, Àǹtí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo rí, òun kọ́ ló sì ni ọwọ́ náà. Ṣé inú ń bí yín sí iṣẹ́ tó dáa rí? Kò ṣe é ṣe fún tàgbà tèwe. Ó ń yọ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo ní kí n wọ yàrá yẹn lọ jókòó díẹ̀. Mo na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Irun lọwọ́ mi kàn.

Ó ti ń yé yín bọ̀. Ó rán kọ́kọ́rọ́ mọ́nú rẹ̀.

Ọ̀bẹ kẹ̀? Ọ̀bẹ ilé ìdáná? Àǹtí, ẹran ni? Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí n gbàgbé pé ẹ sọ ọ́. Sísọ́ọ̀sì kékeré kan wà tí wọ́n fi ń tú ojú ìránṣọ, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bíi ti ẹyẹ, kì í ya aṣọ. Ó wà nílé yìí. Ó wà nínú yàrá. Yàrá wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú tẹ́dì. Tẹ́dì sì ti dí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí tẹ́dì, kó kọ́kọ́ ṣí yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí yàrá, kó kọ́kọ́ ṣí tẹ́dì. Àárín àwọn méjèèjì ni mo jókòó sí láti àná, pẹ̀lú orí dídán.

Kò tíì tán. Onígíláàsì pè mí lórí fóònù. "Ọ̀gá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ńkọ́?" Ṣé kí n purọ́ ni? Mo ní ó ti dí. Ariwo ayọ̀ tó pa, mo gbé fóònù kúrò létí. Lónìí ló ń bọ̀. Lónìí, Àǹtí, kí oòrùn tó kan àtàrí! Ó ní òun ti rí àpótí tó bá a mu. Ó ti to bébà rírọ̀ sínú rẹ̀. Àpótí! Mo ní ó dáa. Kí ni mo tún lè sọ? Èmi fúnra mi ni mo la ẹnu mi ṣe ìlérí. Ohun tó kẹ́yìn tí ọwọ́ ìyàwó mi kàn, wọ́n ń bọ̀ wá gbé e sínú àpótí ní ojúmọmọ, màá dúró níbí, màá ní ẹ ṣeun, ó dàbọ̀. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan fún àpótí. Mi ò lágbára ẹ̀ẹ̀kejì.

Nítorí náà, ẹ wí fún mi, kí ni mo fi ṣe àbíkẹ́yìn yín? Kí ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi…

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un sọ.

Ó mọ̀? Ó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀? Ó fi ọwọ́ kàn án, ó rí i, ó sì rán an mọ́nú? Áà! Ẹ gbà mí! Ẹ ò sì tètè sọ, ẹ jókòó síbẹ̀ ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń rojọ́ lọ! Ó mọ̀! Mo rò pé àìmọ̀ ni, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a wá àwáwí nínú ọkàn mi! Kí ló ní òun fi ṣe é? Ó tì í lọ sókè? Igi mi ló fi tì í? Igi tèmi! Àna tàbí àna kọ́, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan igi yẹn, ìyàwó mi pàápàá kì í fọwọ́ kàn án, á ní, "Ọkọ mi, gbé ọ̀pá àṣẹ rẹ kúrò lórí aṣọ mi."

Ó tì í lọ síbo? Sí ọrùn.

Kí ló ní?

Ó ní ọrùn yẹn ò wá òwú, egungun ló ń wá.

Ẹ̀ẹ́n.

Ẹ gbé e wá. Rárá, ẹ dúró, ẹ má tíì gbé e wá, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ di ikùn rẹ̀ mú. Ẹ mi orí rẹ̀. Ẹ tún mì í. Ẹ mì í bí ẹni tó ń kọ nǹkan. Ẹ gbé e kalẹ̀ sórí àga rẹ̀, ẹ yíjú kúrò níbẹ̀, ẹ bá mi wo ògiri. Ìgbà tí èèyàn bá yíjú ló máa ń tẹ̀. Ẹ máa wo ògiri lọ. Ó tó. Ẹ wò ó.

Kò tẹ̀.

Láti ọjọ́ yìí wá ni mo ti ń ki òwú, mo tú súwẹ́tà ká, kọ́kọ́rọ́ sì wà lábẹ́ ìka mi níbẹ̀ lójoojúmọ́, mò ń yọ ọ́ jáde kí n lè ráyè ki òwú! Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àǹtí, ó ní tí òun bá dé, òun á wò ó. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n rẹ̀, inú kan náà lẹ ti wá, ẹ̀yin lẹ dé. Ẹ bá a wò ó. Ẹ má fi ojú àánú wò ó, mi ò fẹ́ ìyẹn, ẹ fi ojú tirẹ̀ wò ó, ojú tó fi ń wo èjìká òsì. Ọrùn yẹn, ó ti le àbí kò tíì le?

Ó ti le.

Ó dáa. Ẹ ti sọ ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n ro nǹkan kan ná. Mo ṣèlérí tẹ́dì fún Onígíláàsì. Mi ò ṣèlérí kọ́kọ́rọ́. Àbí mo ṣe é? Kọ́kọ́rọ́ yàrá ìyàwó mi, kí n gbé e lé ọkùnrin mìíràn lọ́wọ́, kó lọ tì í mọ́ inú gíláàsì? Irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Kó ní kí n yọ kọ́kọ́rọ́ mi, kí òun gbé tẹ́dì òun. Tí mo bá yọ ọ́, mo ní láti tú ẹ̀yìn. Tí mo bá tú ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ò dí mọ́ nìyẹn. Tí ẹ̀yìn ò bá sì dí, kì í ṣe tirẹ̀. Tí mi ò bá tú u, kọ́kọ́rọ́ mi ló wà níbẹ̀. Tí mo bá tú u…

Àǹtí.

Ọmọbìnrin yẹn ti rò ó tẹ́lẹ̀! Ó ń bu omi fún wọn, kò wí nǹkan kan, ó ń bu omi! Ó ní kí n lọ gé irun! Ó dúró lórí fóònù, ó jẹ́ kí n bú òun tán, ó ń fa imú, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, Bọ̀dá, ẹ má bínú," kò sọ ọ́! Hẹ̀-hẹ̀! Hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀! Ẹ wo òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, olè lásán-làsàn ni gbogbo ìdílé yín! Ẹ jẹ́ kí n di àga mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín báyìí gbẹ̀yìn, ìhà ń dùn mí.

Rárá, mi ò tíì dárí jì í. Kí ìyẹn yé yín. Ẹ má lọ máa sọ fún un pé mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo bá sọ ni kẹ́ ẹ bá mi jẹ́. Kó wá. Kó má fi ẹnu bẹ̀ mí, mi ò gba ẹ̀bẹ̀ ẹnu. Kó mú gbẹ́nàgbẹ́nà dání, kí ọkùnrin náà wá yọ ilẹ̀kùn yàrá yẹn. Kì í ṣe àgádágodo nìkan o, ilẹ̀kùn ni mo wí, gbogbo rẹ̀, kó tú u kúrò lára ògiri, kó gbé e lọ fi ṣe ohun tó bá wù ú. Kí òun náà sì mú abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí àbúrò yín ti gé tí kò tíì rán, bébà rẹ̀ ò tíì ya, mo máa ń jókòó tì í. Ó yẹ kí ẹnì kan rán an. Kó má fọwọ́ kan igi mi. Ṣùgbọ́n kó tó dórí ìyẹn, àpò ṣòkòtò mi ń jò. Ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́. Ta ló ń kan ilẹ̀kùn?

Òun ni. Mo gbọ́ bó ṣe ń gbé àpótí sọ̀. Ẹ má dìde, Àǹtí, ẹ má sì rẹ́rìn-ín, ẹ tọ́jú ẹnu yín, ẹ ṣe bí ẹni tó wá kí mi lásán. Ojú mi ńkọ́, ó mọ́? Ó dáa.

Ẹ wọlé, ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o. Àna mi nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti dí, ẹ yí i wò, iṣẹ́ tó dáa ni. Ẹ kọ́kọ́ fi àpótí yẹn síta ná, mo ní àròyé kan tí mo fẹ́ ṣe fún yín. Ẹ jókòó.

Kì í ṣe lórí ìyẹn, ọ̀gá. Ìyẹn ti ní ẹni tó ni ín.